Àtòkọ Kò Gbọdọ̀ Kú Nígbà Tí Iná Bá Lọ

Èrò kan ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láàárín àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà dátà, àti àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ náà lágbègbè wa, láti Ìyànà-Ìpájà títí dé Ayọ̀bọ̀. Wọ́n ní bí a bá ti tan ẹ̀rọ, kí sọ́fítíwíà kó gbogbo fáìlì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, kó tò wọ́n sínú RAM, ìyẹn ìrántí ẹ̀rọ tó ń ṣófo bí iná bá lọ, kó sì máa dáhùn ìbéèrè láti ibẹ̀. Wọ́n ní RAM kò wọ́n mọ́. Bí kò bá tó, ká ra ẹ̀rọ tó tóbi sí i, tàbí ká gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí sáfà òkè òkun. Lójú wọn, ẹni tó bá ń ronú lórí ibi tí àkọsílẹ̀ fáìlì yóò máa gbé, tàbí lórí ìgbà tó yẹ kí ẹ̀rọ ṣí fáìlì, ara àtijọ́ ni. Mo lòdì sí èrò yìí látòkèdélẹ̀. Ó ń fi àkókò ṣòfò, ó ń jẹ owó, àwọn tí kò ní owó náà gan-an ló sì ń san án.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí a ń bá ara wa jà lé lórí. Sọ́fítíwíà tó ń ṣiṣẹ́ dátà kì í sábà bá fáìlì kan ṣoṣo lò. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpájà lè ní fáìlì èsì ìdánwò fún kíláàsì kọ̀ọ̀kan, fún táàmù kọ̀ọ̀kan, láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, ti aboyún, ti ibà, oṣù dé oṣù. Kí sọ́fítíwíà tó lè dáhùn ìbéèrè kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ ti mọ àwọn tábìlì tó wà, fáìlì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà, orúkọ àwọn òpó inú wọn, èyí tó jẹ́ nọ́ńbà àti èyí tó jẹ́ ọjọ́, iye ìlà, àti ọjọ́ tí àkọsílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ọjọ́ tó parí. Àkójọ ìmọ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní kátálọ́ọ̀gù. Èmi yóò máa pè é ní àtòkọ. Kì í ṣe dátà fúnra rẹ̀; òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ibi tí dátà wà àti bó ṣe rí.

Ìbéèrè méjì ló wà nílẹ̀. Tí a bá pa ẹ̀rọ, níbo ni àtòkọ náà ń gbé? Dátà fúnra rẹ̀ ńkọ́, ìgbà wo ló yẹ kó wọlé? Àwọn tí mò ń bá jiyàn dáhùn pé inú RAM ni àtòkọ ń gbé, tí a bá pa ẹ̀rọ, ó parí, ẹ̀rọ yóò tún un ṣe lọ́la. Àti pé gbogbo dátà ló yẹ kó wọlé láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdáhùn tèmi ni pé orí dísíìkì ni àtòkọ gbọ́dọ̀ máa gbé, kó má ṣe kú láé, àti pé dátà kankan kò gbọdọ̀ wọlé títí ẹnìkan yóò fi béèrè fún un. Apá kejì yìí ni wọ́n ń pè ní lazy loading. Àwọn méjèèjì ń rìn pọ̀: bí àtòkọ kò bá sí lórí dísíìkì, ẹ̀rọ kò ní mọ ohun tí kò yẹ kó ṣí, yóò sì ṣí gbogbo rẹ̀ ni.

Àwọn ìyá wa mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ kí kọ̀ǹpútà tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tó bá ti gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó mọ yàrá káàdì. Wọ́n á fún ọ ní káàdì kékeré tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀. Nígbà tí o bá padà wá, akọ̀wé á wo nọ́ńbà náà, á lọ sídìí pẹpẹ, á sì yọ fódà rẹ nìkan wá. Bí káàdì bá sọnù, ìwé ńlá kan wà tí wọ́n ń fi orúkọ àti ọjọ́ wá nọ́ńbà. Kò sí akọ̀wé tó ń kó gbogbo fódà sórí tábìlì láàárọ̀ kí aláìsàn àkọ́kọ́ tó dé. Kò sì sí ilé ìwòsàn tó ń ya ìwé ńlá náà dànù lálẹ́, tí yóò tún un kọ láàárọ̀ nípa ṣíṣí gbogbo fódà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnìkan bá dá irú rẹ̀ lábàá, wọn yóò ní ara rẹ̀ kò yá. Ṣùgbọ́n sọ́fítíwíà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an láràárọ̀ là ń sanwó fún, tí a sì ń pè ní ìlọsíwájú.

Ibi tí àdánù náà ti kọ́kọ́ ń hàn ni ọ̀rọ̀ iná. Ikeja Electric ló ń pín iná fún wa ní Ìpájà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ iná, fi kún owó iná àwọn tó wà ní Band A, láti nǹkan bí ₦68 sí ₦225 fún kílówáàtì kan ní wákàtí kan. Wákàtí 20 lójúmọ́ ni àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe. Band B ní 16, Band C ní 12, Band D ní 8, Band E ní 4. Àdéhùn lórí ìwé lèyí o. Ká tiẹ̀ gbà pé wọ́n mú un ṣẹ pátápátá, wákàtí mẹ́rin ṣì wà lójúmọ́ tí ẹni tó ń san owó tó ga jù lọ kò ní iná. Ilé ẹ̀kọ́ tó wà ní Band C yóò pàdánù ìdajì ọjọ́. Nítorí náà, kí ẹ̀rọ kú lójijì kì í ṣe ìjàǹbá tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dọ̀ wa. Apá kan iṣẹ́ ọjọ́ ni. Ẹni tó bá ń kọ sọ́fítíwíà fún Ìpájà gbọ́dọ̀ mọ̀ pé wọn yóò pa á, wọn yóò sì tún un tan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Dísíìkì onírin tó ń yí, irú èyí tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tòkunbọ̀, ń ka nǹkan bí MB 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan nígbà tí ara rẹ̀ bá le. Bí fáìlì tó wà nílẹ̀ bá jẹ́ GB 30, ìṣẹ́jú márùn-ún gbáko ni kíkà rẹ̀ lásán yóò gbà, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí nọ́ńbà àti ọjọ́, èyí tó máa ń pẹ́ ju kíkà lọ fíìfíì. Àtòkọ fáìlì kan náà kò ní ju KB ọgọ́rùn-ún mélòó kan lọ. Yóò ti wọlé kí o tó ṣẹ́jú. Iná lọ, iná dé, sọ́fítíwíà tó ní àtòkọ ti ń dáhùn ìbéèrè, èkejì ṣì ń ka fáìlì ọdún 2014 tí ẹnikẹ́ni kò béèrè fún. Bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n fi tan ẹ̀rọ náà, epo bẹntiró ló ń fi ka á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé RAM kò wọ́n, owó ìlú wo lẹ fi ń ṣírò? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní ọjà ìjọba. Nígbà tí yóò fi di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,400. Dọ́là ni wọ́n fi ń ra RAM wọ orílẹ̀-èdè yìí, kó tó dé Computer Village ní Ìkẹjà, kó tó dé ọwọ́ wa. Ó lè jẹ́ pé ó ń dínwó ní California. Ní Ìpájà, kàkà kó sàn lára ìyá àjẹ́, ó fi gbogbo ọmọ bí obìnrin.

Wes McKinney, tó bẹ̀rẹ̀ pandas ní ọdún 2008, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ dátà lónìí kọ́kọ́ ń kọ́, kọ ọ́ fúnra rẹ̀ ní ọdún 2017 pé ìmọ̀ràn òun ni kí RAM ẹni tó ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá ìwọ̀n dátà. Ẹni tó kọ́ ilé ló sọ bí òpó rẹ̀ ṣe lágbára tó. Ẹ jẹ́ ká fi èyí wọn Alímọ̀ṣọ́. Ìkànìyàn ọdún 2006 sọ pé èèyàn 1,277,714 ló wà níbẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní 2,047,026. Ká ní a fẹ́ kọ orúkọ àwọn ènìyàn wọ̀nyí sílẹ̀, ká sì ní bytes 500 ni ìlà kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ orúkọ, àdúgbò, ọjọ́ ìbí, nọ́ńbà fóònù àti nǹkan díẹ̀ sí i. Lórí iye tí ìjọba àpapọ̀ kà, fáìlì náà yóò sún mọ́ MB 640. Lórí ìlànà McKinney, RAM tó yẹ kó wà yóò wà láàárín GB 3 sí 6. Bí ti ìjọba Èkó bá jẹ́ òótọ́, ó di GB 5 sí 10. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ oní-GB 4 tó wà lórí tábìlì akọ̀wé, tí Windows ti jẹ apá kan nínú rẹ̀, kò lè gbé e. Ìbéèrè tí akọ̀wé náà sì ní kò ju kékeré lọ: ọmọ mélòó tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ló wà ní Abẹ́sàn? Òpó méjì ni ìbéèrè yìí ń fẹ́, àdúgbò àti ọjọ́ ìbí. Bí wọ́n bá pín fáìlì ní àdúgbò-àdúgbò, tí àtòkọ sì mọ ibi tí ti Abẹ́sàn wà, láptọ́ọ̀pù náà yóò ṣe é láìmí gúlegúle. Ẹ̀rọ kò kéré. Sọ́fítíwíà ló ń jẹun jù.

Mo mọ èsì tí wọn yóò fún mi: pé àwọn ilé iṣẹ́ ńlá lágbàáyé ń kó gbogbo rẹ̀ sínú RAM, ká ṣe é bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kó lè rí bó ṣe ń rí. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà. E. F. Codd ti IBM ló kọ ìwé lórí dátà onítábìlì ní ọdún 1970, nígbà tó sì to òfin méjìlá rẹ̀ jáde ní ọdún 1985, ẹ̀kẹrin nínú wọn ni pé àtòkọ gbọ́dọ̀ wà nínú tábìlì bí dátà yòókù, kí a lè béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ dátà. Nígbà tó yá, Facebook kọ Hive, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ dátà ńlá. Hive ní àtòkọ tó wà pẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ fódà ló mọ̀, kò mọ orúkọ fáìlì tó wà nínú fódà. Nítorí náà, kí ìbéèrè kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ ní láti lọ ka ohun tó wà nínú fódà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Netflix, tí dátà wọn pọ̀ bí yanrìn, èyí di àìsàn. Ryan Blue àti Daniel Weeks bẹ̀rẹ̀ Iceberg níbẹ̀ ní ọdún 2017, ohun tí wọ́n sì ṣe ni pé wọ́n kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tó kéré jù àti ohun tó pọ̀ jù nínú òpó rẹ̀, sínú àkọsílẹ̀ tó ń gbé títí, kí ẹ̀rọ lè mọ fáìlì tí kò yẹ kó fọwọ́ kàn. Àwọn tó lówó láti ra RAM tó kún yàrá ló sá fún kíkó gbogbo rẹ̀ wọlé. Àwa tí kò ní ló ń sáré lọ síbẹ̀.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn iṣẹ́ yìí ni ti SQLite. Ní ọdún 2000, D. Richard Hipp ń ṣiṣẹ́ lórí sọ́fítíwíà kan fún ọkọ̀ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, èyí tó ń ran àwọn atukọ̀ lọ́wọ́ láti mọ ohun tí wọn yóò ṣe bí ìbàjẹ́ bá dé bá ọkọ̀. Sáfà dátà kan ni sọ́fítíwíà náà gbára lé. Bí sáfà bá ti kú, sọ́fítíwíà á ya odi, ní àkókò tí wọ́n nílò rẹ̀ jù. Hipp pinnu pé kò yẹ kí sáfà kankan wà láàárín. Ó kọ SQLite, tó fi gbogbo dátà sínú fáìlì kan ṣoṣo, tí àtòkọ rẹ̀ sì wà nínú fáìlì kan náà, ní ojú ewé àkọ́kọ́. Tí o bá ṣí fáìlì SQLite, ẹ̀rọ kì í ka ohunkóhun tó ní láárí. Nígbà tí ìbéèrè àkọ́kọ́ bá dé ló ń ka àtòkọ, lẹ́yìn náà ló ń gbé ojú ewé tó bá nílò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sábà máa ń jẹ́ bytes 4,096. Ó wà nínú gbogbo fóònù Android àti iPhone lónìí. Inú rẹ̀ ni WhatsApp ń tọ́jú ọ̀rọ̀ sí. Oníkẹ̀kẹ́ Márúwá tí bátìrì fóònù rẹ̀ kú ní Géètì tún un tan ní Bárúwà, gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Fóònù náà kò sì kó ọ̀rọ̀ ọdún mẹ́ta wọlé kó tó fi ti òní hàn án; ti òní ló gbé wá, bó bá fẹ́ ti àná, kó fi ìka fà á. A ti ń gbádùn ọgbọ́n yìí nínú àpò wa lójoojúmọ́, síbẹ̀ a ń kọ́ àwọn ọmọ wa láti kọ ìdàkejì rẹ̀.

Àpẹẹrẹ tó tóbi jù lọ ní Nàìjíríà ṣẹlẹ̀ lójú gbogbo wa, ní ọjọ́ 25 oṣù kejì ọdún 2023, ọjọ́ ìdìbò ààrẹ àti ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ibùdó ìdìbò 176,846 ni INEC, àjọ tó ń ṣètò ìdìbò, ní káàkiri orílẹ̀-èdè, 13,325 nínú wọn wà ní Èkó. Orúkọ tó wà nínú ìwé olùdìbò jẹ́ 93,469,008. Ti Èkó nìkan jẹ́ 7,060,195. Bí wọ́n bá tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ àwọn tó ní ká kó gbogbo rẹ̀ wọlé, ẹ̀rọ BVAS, tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò, tó wá sí àdúgbò wa ì bá gbé orúkọ àwọn ará Sókótó àti Cross River, pẹ̀lú ojú àti ìka ọwọ́ wọn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Orúkọ àwọn olùdìbò ibùdó kan ni wọ́n fi sínú ẹ̀rọ tó ń lọ sí ibùdó náà. Bí a bá pín gbogbo orúkọ dọ́gba, ó jẹ́ nǹkan bí 529 fún ibùdó kan. Nítorí èyí ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi ọwọ́ kan gbé ṣe lè yẹ olùdìbò wò láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìdí tí apá yẹn fi ṣeé ṣe ni pé dátà tí ibùdó náà nílò nìkan ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn ìdìbò ni apá kejì wáyé. Àwòrán ìwé èsì ìbò ààrẹ kọ̀ láti wọ IReV, ojú òpó tí INEC fi ń fi èsì hàn aráyé. Gbogbo ìlú ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, àwọn mìíràn ní olè ni. Mi ò gbé ẹjọ́ ìdìbò wá síbí, ilé ẹjọ́ ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àlàyé tí INEC fúnra rẹ̀ ṣe nínú ìjábọ̀ rẹ̀ lórí ìdìbò ọdún 2023 yẹ kó wà lára ògiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ dátà. Wọ́n ní èsì ti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọlé, nítorí àgbègbè aṣòfin kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ kan, fódà ìpínlẹ̀ sì ni èsì ń gbà wọlé. Ti ààrẹ jẹ́ àgbègbè kan ṣoṣo tó kárí gbogbo orílẹ̀-èdè. Kò sí lábẹ́ ìpínlẹ̀ kankan. Nígbà tí àwòrán dé, sọ́fítíwíà kò rí ìpínlẹ̀ tí yóò so ó mọ́, kò lè ṣẹ̀dá fódà tí yóò gbà á, ó sì dá àṣìṣe padà títí di alẹ́ kí wọ́n tó tún un ṣe.

Ẹ gbọ́ ohun tí àlàyé yẹn ń sọ. Àwòrán wà lọ́wọ́. Àyè wà lórí sáfà. Ohun tó kù ni pé àtòkọ kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí. Wọ́n lè fi RAM ìlọ́po ọgọ́rùn-ún kún sáfà náà, kò ní yí nǹkan kan padà. Àṣìṣe náà wà nínú bí wọ́n ṣe to orúkọ àwọn nǹkan, kò sí nínú agbára ẹ̀rọ. Ìdí nìyí tí mo fi ń bínú nígbà tí mo bá gbọ́ pé àtòkọ jẹ́ ohun kékeré tí ẹ̀rọ lè tún ṣe fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń tan. Orílẹ̀-èdè kan ti dúró de àtòkọ rí. Bí wọ́n bá ti kọ àtòkọ náà sílẹ̀ bí ohun tó ń gbé títí, tí ènìyàn lè ṣí, kó kà á, kó sì rí i kí ọjọ́ ìdìbò tó dé pé ìlà ààrẹ kò ní òbí, ó dá mi lójú pé ẹnìkan ì bá ti rí i. Àtòkọ tó jẹ́ pé ìgbà tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́ ni sọ́fítíwíà ń ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣẹ̀dá rẹ̀, ta ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò ṣáájú?

Ó ku àwọn tó ní ká gbé àtòkọ àti dátà lọ sórí sáfà òkè òkun, kí gbogbo wàhálà iná di ti ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà lágbègbè etíkun Côte d'Ivoire. Báńkì dákẹ́, fóònù ń yí lásán, láti Èkó dé Accra. Ẹni tí àtòkọ rẹ̀ wà ní Ireland lọ́jọ́ yẹn kò lè mọ orúkọ fáìlì tó wà lórí dísíìkì tirẹ̀ gan-an. Mi ò sọ pé kí a má lo sáfà òkè òkun. Ẹ fi ẹ̀dà pamọ́ síbẹ̀, ó dára, ilé ń jó. Ṣùgbọ́n àtòkọ tí iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń wò gbọ́dọ̀ wà nínú ilé. Gbígbé dátà wọlé nígbà tí a bá béèrè tún burú sí i tí ọ̀nà bá jìn: ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ni yóò máa lọ, tí yóò máa bọ̀, àti lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, ohun tí ì bá yá di ìjìyà.

Àtakò mẹ́ta wà tí mo bọ̀wọ̀ fún, torí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa ló ń sọ wọ́n. Èkínní ni pé àtòkọ lè parọ́. Ẹnìkan lè yọ fáìlì kúrò, tàbí kó fi tuntun rọ́pò rẹ̀, àtòkọ yóò sì máa sọ ti àtijọ́. Òótọ́ ni. Oògùn rẹ̀ ni pé kí àtòkọ kọ ìwọ̀n fáìlì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú àkókò tí wọ́n yí i padà kẹ́yìn. Kí ẹ̀rọ tó ṣí fáìlì, kó fi méjèèjì wé ohun tó wà lórí dísíìkì. Bí wọn kò bá bára mu, kó tún ìlà ti fáìlì yẹn nìkan kọ. Ìyẹn kò gba àkókò. Àwọn tó fẹ́ ìdánilójú ju bẹ́ẹ̀ lọ lè fi àmì ìdánimọ̀ tí a ṣírò láti inú fáìlì kún un.

Èkejì ni pé àṣìṣe yóò pẹ́ kó tó hàn. Bí fáìlì kan bá ti bàjẹ́, ẹni tó kó gbogbo rẹ̀ wọlé láàárọ̀ yóò mọ̀ ní aago mẹ́jọ. Ẹni tí kò kó o yóò mọ̀ ní ọ̀sán, nígbà tí ọ̀gá bá béèrè. Àtakò yìí lágbára, àwọn kan tó ń lo lazy loading sì máa ń fojú fò ó dá. Ohun tó yẹ ni kí ẹ̀rọ yẹ àtòkọ wò pátápátá nígbà tó bá tan: ṣé gbogbo fáìlì tó dárúkọ wà? ṣé ìwọ̀n wọn pé? ṣé gbogbo ìlà ló ní ibi tó so mọ́? Fáìlì Parquet, tí Twitter àti Cloudera gbé jáde ní ọdún 2013, tún mú èyí rọrùn, nítorí ó ń kọ àtòkọ tirẹ̀ sí ìparí ara rẹ̀: bytes mẹ́jọ tó kẹ́yìn sọ bí àtòkọ náà ṣe gùn tó, ó sì parí pẹ̀lú àmì PAR1. Fáìlì tí iná pa láàárín kíkọ kò ní ní àmì náà ní ìparí rẹ̀. Ẹ̀rọ lè yẹ ìparí ẹgbẹ̀rún fáìlì wò láìka ọ̀kan nínú wọn tán.

Ẹ̀kẹta ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yóò lọ́ra. Bẹ́ẹ̀ ni, yóò lọ́ra díẹ̀. Ó sàn kí ẹni tó béèrè dúró de ohun tó béèrè, ju kí gbogbo ènìyàn dúró de ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè. Ohun tí mo kìlọ̀ fún ni kí wọ́n má ṣe sọ ọ́ di kíkó ẹyọ-ẹyọ. Mo ti rí sọ́fítíwíà tó ń lọ sórí dísíìkì lẹ́ẹ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan, nígbà tó yẹ kó gbé gbogbo kíláàsì lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn kì í ṣe ìwà tí mò ń gbèjà. Ìwọ̀n tí ènìyàn ń béèrè ni kó jẹ́ ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń gbé.

Nípa kíkọ àtòkọ fúnra rẹ̀, ìlànà kan wà tí mi ò lè gbà kí ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà fojú fò. Ẹ má ṣe kọ tuntun lé àtijọ́ lórí. Ẹ kọ àtòkọ tuntun sínú fáìlì mìíràn, ẹ pàṣẹ fún ẹ̀rọ kó tẹ̀ ẹ́ mọ́ dísíìkì pátápátá, lẹ́yìn náà kí ẹ yí orúkọ rẹ̀ padà sí ti àtijọ́. Lórí Linux, yíyí orúkọ padà báyìí kì í dúró lágbede méjì: yálà ti àtijọ́ ló wà, tàbí tuntun. Iná lè lọ nígbà yòówù, ẹ ó bá odindi àtòkọ kan nílẹ̀. Tàbí kí ẹ fi í sínú SQLite, tó ti bá yín yanjú gbogbo èyí láti ogún ọdún ó lé, láìgba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ mi kàn yín, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó ilé ìwòsàn, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba ìdàgbàsókè Ayọ̀bọ̀-Ìpájà, tí wọ́n ń gbé sọ́fítíwíà wá tà fún. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi àwòrán aláràbarà tan yín jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì yín gidi sínú rẹ̀, ti gbogbo ọdún, kì í ṣe ti àpẹẹrẹ. Bí ó bá ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ẹ fa wáyà ẹ̀rọ yọ lára ògiri. Ẹ tún un tan, kí ẹ béèrè ohun kan ṣoṣo, bí èsì kíláàsì kan ní táàmù kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ibi tí Windows ti ń fi hàn bí sọ́fítíwíà ṣe ń ka dísíìkì tó, kí ẹ sì wo iye tó kà. Bí iye náà bá sún mọ́ ìwọ̀n gbogbo fáìlì yín, ẹ dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, kí ẹ má sì tíì sanwó.